Oyún Tí Wọ́n Ní Ó Ti Lọ Sẹ́yìn

Ohun tó ń da Ìbídùnní láàmú ni pé gbogbo ilé ti kí i kú oríire lórí oyún tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́ mọ́.

Aya Oyèékànmí ni, ní ilé wa, Ilé Ahunṣọ, ní àdúgbò Ìdí-Ọdán. Ọdún ti gorí ọdún tó ti wọlé ọkọ, kò tí ì bímọ. Nígbà tó ṣe, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́, pè é wọ yàrá, ó fọwọ́ ba ikùn náà, ó sì jáde wá sọ fún ilé pé oyún ni.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ọwọ́ Màmá ló ń sọ oyún níbẹ̀. Bí ó bá ti fọwọ́ ba ikùn aya ilé tó sì gbà pé oyún ni, yóò bu omi tútù, yóò lọ dà á sí ojú oórì bàbá àgbà, ọkọ rẹ̀, yóò sì fi ọ̀já funfun tí a hun nínú ilé gbá aboyún náà nídìí. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe oyún, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ létí òkú. Aya tó bá so ọ̀já náà kò ní pọn omi, kò ní gbá ojúde, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ líle. Ọwọ́ Màmá kò sì tí ì ṣì rí. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí ọwọ́ tí kò tí ì ṣì rí, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ọmọ máa ta ẹsẹ̀ dé, ọmọ kò ta ẹsẹ̀. Ìbídùnní ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í bọ́ sí àsìkò mọ́. Wọ́n ní àwọn obìnrin kan máa ń rí i lórí oyún. Gbogbo ìgbà ni ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní bí aboyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ó bá fi òkèlè díẹ̀ kan ẹnu, yóò yó bí ẹni tó jẹ àjẹjù. Wọ́n ní ọmọ náà ló tóbi. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá òsì wúwo, ó sì máa ń dùn ún bí ó bá jókòó pẹ́ nídìí òfì. Ó tún ń dùn ún nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá wà pọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, kò sì sọ ọ́. Oṣù ìbímọ dé, ó kọjá. Ẹ̀rù kò bà wọ́n. Wọ́n ní oyún náà ti lọ sẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń súni nìyẹn. Gbogbo ohun tó yẹ kó là wọ́n lójú ni wọ́n ní èsì fún. Bí oyún kò bá mira, ó ń sùn ni. Bí kò bá bọ́ sílẹ̀, ó ti yí padà, ó ti lọ lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn, ó sì lè wà níbẹ̀ títí tí yóò fi wù ú láti padà wá. Màmá wá obìnrin kan tó ń se àgbo tí í fa oyún síwájú. Ìbídùnní mu àgbo náà títí ẹnu rẹ̀ fi bó. Ikùn kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ó kàn ń tóbi sí i.

Obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti mọ̀ ní ọkàn rẹ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé bí òun bá sọ ọ́ jáde, kí ni wọn yóò máa pe òun nínú ilé náà? Aya tí kò bí ti ṣòro ó jẹ́. Aya tí kò bí, tó tún ti so ọ̀já oyún lásán, tó ti jẹ́ kí àwọn aya yòókù máa bá òun pọn omi, tó ti jẹ́ kí wọ́n parọ́ fún òkú nítorí òun, níbo ni yóò fi ojú sí?

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọ fún Tinúọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ kan ṣoṣo ni Tinúọlá bí, ó sì ń wá èkejì. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ló ti ń din gaàrí, nítorí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀. Ẹlẹ́nu ni, aláwàdà ni, kò sì sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà láti bá Ìbídùnní lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, Ìbídùnní sì rò pé àánú òun ló ṣe é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn òun náà lápá ọ̀tún máa ń dùn ún. Yóò dé, yóò lọ, yóò tún dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúnyẹmí ni wọ́n lọ, olórìṣà Ọ̀ṣun tó ń gbé lẹ́bàá odò níparí ìlú. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni ìyá náà fi ń wádìí. Àwọn obìnrin tí ikùn ń dà láàmú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ẹjọ́ ikùn títí ó fi sú u, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ gùn mọ́.

Ó ní kí Ìbídùnní bá owó ẹyọ náà sọ̀rọ̀. Ìbídùnní gbé wọn súnmọ́ ẹnu, ó sọ ohun tó ń dà á láàmú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó dá wọn padà. Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ, Ọ̀ṣẹ́, odù tí Ọ̀ṣun ti ń sọ̀rọ̀, ló jáde. Ó tún un dà, ó béèrè bóyá ire ni tàbí ibi, ó wo àtẹ náà títí. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀. Ó ní bí Ọ̀ṣẹ́ bá yọ báyìí fún ẹni tó so ọ̀já, ohun tó ń sọ ni pé omi ló wà níbi tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Ó ní omi náà kì í ṣe omi ikú. Ó kàn jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an ni, ó sì ń gbòòrò nítorí pé wọ́n ń kí i káàbọ̀ lójoojúmọ́ dípò kí wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́. Ó ní wọn yóò rúbọ.

“Kí ni ẹbọ náà, Ìyá?” Ìbídùnní béèrè.

“Ọ̀já tó wà nídìí rẹ yẹn ni. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò tú u, lójú ẹni tó so ó. Lẹ́yìn náà, kí o lọ sí ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí ń wo inú ikùn. Wọn yóò ní kí o mu omi títí àpò ìtọ̀ rẹ yóò fi kún. Mu ún, gbé e dúró, má dà á nù. Ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ ni kí o gbà.”

Ìbídùnní dúró kí ìyá náà parí ọ̀rọ̀. Ó ti parí rẹ̀.

“Ewúrẹ́ ńkọ́, Ìyá?”

“Kò sí ewúrẹ́.”

“Àgùntàn ni àbí?”

“Mo ní kò sí ẹran níbẹ̀.”

Tinúọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ ẹbọ obì, òun ti gbọ́ ẹbọ oyin, ṣùgbọ́n ẹbọ ìtọ̀ ni òun kò tí ì gbọ́ rí. Ó ní bóyá àwọn òrìṣà ti ń bá dókítà pín iṣẹ́ ṣe ni.

Ìyá Ọ̀ṣúnyẹmí mí kanlẹ̀. “Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń wá bá mi yìí ti sú mi. Bí mo bá ní kí ẹ mú màlúù wá, ẹ ó ta aṣọ ọrùn yín. Bí mo bá ní kí ẹ gbé ara yín lọ síbi tí wọn yóò ti wò ó, ẹ ó ní ẹbọ náà ti le jù. Ṣé ewúrẹ́ ni ikùn ń dùn ni? Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ìsàlẹ̀ ikùn tìrẹ ńkọ́?”

Ẹ̀rín náà dúró. Ìyá tún da owó ẹyọ náà láìdúró de ìbéèrè, Ọ̀ṣẹ́ náà ló tún yọ. Ó ní ohun tí òun sọ fún ìyàwó ni òun sọ fún Tinúọlá, àfi pé kò ní ọ̀já tí yóò tú. Kó lọ kí wọ́n wò ó. Ó ní bí ikùn náà bá dùn ún lójijì bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún, tó bá ń bì, tí òòyì bá ń kọ́ ọ, kó má wá sọ́dọ̀ òun rárá, ilé ìwòsàn ni kó sáré lọ.

Lọ́nà ilé, ẹnu Tinúọlá tún ti là. Ó ní ìyá náà ti darúgbó, owó ẹyọ rẹ̀ kò mọ orí ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn mọ́, àbí báwo ni Ọ̀ṣẹ́ kan náà yóò ṣe yọ fún ẹni méjì? Ó wá dúró lójú ọ̀nà, ó yíjú sí Ìbídùnní. “Oyún tí Màmá ti sọ létí òkú, ìyàwó, ṣé ìwọ ni yóò lọ sọ fún bàbá pé irọ́ ni wọ́n pa fún un?”

Ohun tí Ìbídùnní náà ń rò ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Àṣàkẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ká òwú. Ìbídùnní kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kí i. Ó tú ọ̀já náà nídìí ara rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó sì gbé e lé orúnkún Màmá.

“Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?” Màmá béèrè.

“Ẹ má bínú, Màmá. Kò sí ọmọ níbẹ̀.”

“Èmi ni mo fọwọ́ bà á ni, àbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá. Ọwọ́ yín bá nǹkan, mi ò sọ pé kò bá nǹkan. Nǹkan náà wà níbẹ̀. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni kì í ṣe orúkọ rẹ̀.”

Màmá kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn gbé ọ̀já náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe aya tó kéré jù nínú ilé, ó ní láti òní lọ, ìyàwó Oyèékànmí yóò máa pọn omi rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó ti dé gbogbo yàrá. Ní ọ̀sán, àwọn tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí Ìbídùnní tẹ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan ti ń wí lẹ́yìn rẹ̀ pé òògùn ló fi wú ikùn kí wọ́n má baà lé e lọ.

Ní ti Oyèékànmí, kò bá ìyá rẹ̀ jà, kò sì gbèjà aya rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú. Ọkùnrin náà ti ń ronú láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ọ̀já ọ̀hún, ẹnikẹ́ni kò sì tí ì gbọ́ ohun tó rò.

Ìbídùnní lọ sí ilé ìwòsàn ní òun nìkan. Dókítà obìnrin kan ló rí i. Ó béèrè ìgbà tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń tọ̀, ibi tó ti ń dùn ún àti ìgbà tó máa ń dùn ún. Ó béèrè bóyá ó ń dùn ún nígbà tó bá wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ìbídùnní wo ilẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ yíká. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ díẹ̀ láti fi wo oyún, nọ́ọ̀sì sì padà wá sọ pé kò sí oyún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọjà kò tà lónìí. Ìbídùnní ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó fi ìborùn bojú fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè dìde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó lọ mu omi, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń dúró de ẹ̀rọ, kó má sì tọ̀ títí wọn yóò fi pè é. Ó mu omi títí ó fi ṣe é bíi pé omi náà fẹ́ gba imú rẹ̀ jáde. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì fún ẹsẹ̀ pọ̀, wọ́n ń wo ògiri, kò sí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án, ìyá àgbà kan tó bá ọmọ rẹ̀ wá wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní kò bójú mu kí aya ilé lọ nà gbalaja níwájú ọkùnrin pẹ̀lú ìtọ̀ nínú, bí ó bá lọ já mọ́ ọn lára ńkọ́? Kó yára lọ tọ̀, kó fi omi ṣan ara, kó wọlé bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Bí wọ́n sì ṣe kọ́ Ìbídùnní nìyẹn láti kékeré, pé ẹni tó bá ń lọ síwájú ẹni ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ̀, kó bọ́jú, kó tún ìró ró. Ó dìde, ó lọ. Ẹbọ tó ti rú débẹ̀, ó dà á nù sẹ́yìn ilé ìwòsàn.

Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ wo ikùn gbé e lé e lára, ó sún un síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì gbé e kúrò. Ó béèrè bóyá ó tọ̀. Ìbídùnní ní òun kò fẹ́ wọlé ní ìdọ̀tí ni. Ọkùnrin náà di ojú, ó la ojú. Ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún òun, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì ń kéde rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé àpò ìtọ̀ tó kún ló ń ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà sì ni ẹ̀rọ ń gbà wo ilé ọmọ àti ilé ẹyin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni gba ojú fèrèsé wo inú yàrá. Ó ní òun rí i pé nǹkan ńlá kan wà nínú ikùn náà, ṣùgbọ́n òun kò rí ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà, òun kò sì ní méfò. Ó ní kó padà sórí bẹ́ǹṣì, kó bẹ̀rẹ̀ omi mímu lákọ̀tun.

Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìyá àgbà tún ṣẹ́jú sí i pé kó lọ tọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yí ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí wọ́n rí i tán, dókítà pè é jókòó. Ó ní ilé ọmọ rẹ̀ ṣófo, ó sì mọ́, kò sí ìju, kókó inú ilé ọmọ, níbẹ̀. Ilé ẹyin rẹ̀ lápá òsì ló gbé àpò omi kan tó tó àgbọn. Ó ní lóṣooṣù ni ilé ẹyin obìnrin máa ń ṣe àpò kékeré kan, inú rẹ̀ ni ẹyin ti ń gbó, àpò náà yóò là, ẹyin yóò jáde. Nígbà mìíràn àpò kò ní là, tàbí kó tún padé, omi yóò sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní irú rẹ̀ tí kò sì mọ̀, nítorí èyí tó pọ̀ jù máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, wọn kì í ṣe ju kí wọ́n tún un wò lọ. Irú mìíràn sì wà tí kì í gbẹ. Ti Ìbídùnní ti tóbi kọjá èyí tí wọn yóò máa wò lásán. Òun ló ń tẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀ tó fi ń tọ̀ ṣáá, òun ló ń tẹ ìfun rẹ̀ tó fi ń yó láìjẹun.

Ìbídùnní béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti òwúrọ̀. “Ṣé jẹjẹrẹ ni?”

Dókítà ní ara àpò náà tẹ́ẹ́rẹ́, omi tó mọ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹran líle kankan níbẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì fi nǹkan burúkú hàn. Ó ní gbogbo rẹ̀ jọ èyí tí kò léwu, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà kó lè dá wọn lójú. Ó ní wọn yóò gbìyànjú láti fi ilé ẹyin sílẹ̀ níbi tó wà. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó lọ jókòó sílé kó máa rò ó, nítorí ilé ẹyin tó gbé ẹrù wúwo lè lọ́ mọ́ra lójijì, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè débẹ̀ mọ́.

Ó délé, ó sọ ọ́ fún Oyèékànmí bí dókítà ṣe sọ ọ́, láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó wọ bàtà. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó dẹ́kun ríronú. Òun ló bá a lọ, òun ló sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi yọ àpò omi náà, tí wọ́n sì wá sọ fún un pé àwọn kò yọ ilé ẹyin. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún sọ pé wọ́n ti yẹ àpò náà wò, kò sí ibi nínú rẹ̀.

Ó padà wá jẹ́ ìròyìn fún ìyá rẹ̀. Màmá Àṣàkẹ́ tẹ́tí sí i láìgbé ojú kúrò lórí òwú.

“Ó tóbi tó kí ni?” ó béèrè.

“Ó tó àgbọn, Màmá.”

“Ọwọ́ mi bá nǹkan, àbí?”

“Ọwọ́ yín bá nǹkan, Màmá.”

Ó fi òwú sílẹ̀. Ó bu omi, ó lọ sí ojú oórì ọkọ rẹ̀ ní òun nìkan, ohun tó sọ níbẹ̀, òkú ló gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó po ẹ̀kọ gbígbóná, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un mu. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òògùn rí i nígbà tó ń jáde, ẹnu wọn sì wọhò.

Ká wá sọ ti Tinúọlá.

Tinúọlá kò lọ. Ó ra ewúrẹ́. Ó wá ẹnìkan tí yóò bá a fi ewúrẹ́ náà rúbọ, kò sì ṣòro láti rí. Wọ́n pa á, wọ́n pín in, ilé jẹ, àdúgbò jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ikùn kò dùn ún. Ó ní ẹbọ ti dà. Ó ń dápàárá fún gbogbo ẹni tó wá ra gaàrí pé ìyàwó wọn gbé ìtọ̀ lọ fún dókítà, dókítà sì fi abẹ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n òun fún òrìṣà ní ẹran, òrìṣà sì fún òun ní àlàáfíà.

Ìbídùnní bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ nígbà tí egbò abẹ kò tí ì jinná, ó bẹ̀ ẹ́ nígbà tó jinná. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, bóyá tiyín á tilẹ̀ jẹ́ èyí tí wọn yóò kàn máa wò.” Ó ṣàlàyé pé ìrora tó ń lọ tó ń bọ̀ kò túmọ̀ sí pé ohun tó fà á ti lọ. Tinúọlá ní ìyàwó ti di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìrora padà dé, ó ní ata ni. Nígbà tó tún dé, ó ní ooru iná gaàrí ni. Ó sú Màmá, ó sú àbúrò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú Ìbídùnní náà.

Ọjọ́ ọjà kan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n gaàrí rù, ó sì figbe ta. Ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó dì mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ó ń bì, òógùn tútù bò ó. Wọ́n ní inú rírun ni, wọ́n fi àdín pa á. Ìbídùnní ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, òun tó wà nílẹ̀ náà ló ń fi orí kọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀, yóò lọ. Wọ́n jẹ́ kó sùn. Ọ̀sán ti pọ́n gan-an kí Màmá Àṣàkẹ́ tó jáde wá, tó wo ojú ọmọ rẹ̀, tó ní kí wọ́n gbé e, kí wọ́n má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n bá ilé ẹyin náà tó ti lọ́ mọ́ra, tó ti dúdú. Wọ́n gé e kúrò pẹ̀lú àpò omi tó wà lára rẹ̀. Dókítà ní àpò náà kò tóbi, kò ju ọsàn lọ, kò sì sí ibi nínú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá rí i ní ìgbà tí ìrora ń dé tó ń lọ, wọn ì bá ti mú àpò náà nìkan kúrò. Ó ní ilé ẹyin rẹ̀ kejì ṣì wà, ó ṣì lè bímọ. Ṣùgbọ́n Tinúọlá, tó ti ń wá ọmọ kejì láti ọjọ́ yìí, yí ojú sí ògiri, kò fi nǹkan kan dápàárá.

Ìyá Ọ̀ṣúnyẹmí wá wò ó. Ìbídùnní wà lẹ́bàá ibùsùn náà, òun ló sì fún ìyá náà ní àga. Tinúọlá kò kí i. Ó béèrè ohun tó ti ń rò láti ìgbà tó ti jí.

“Ìyá, ewúrẹ́ tí mo pa ńkọ́? Ṣé òrìṣà kò rí i ni, àbí ó ń bínú sí mi?”

Ìyá náà fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀, ó sì rọra jókòó bí ẹni tó ti rìn jìnnà.

“Òrìṣà kò bínú sí ọ, Tinúọlá. Kò sí ẹni tó bínú. Ikùn rẹ ni kò lè dúró dè ọ́.”

Nígbà tó ṣe, Ìbídùnní lóyún, wọ́n fi ẹ̀rọ rí i, ó sì bí ọmọbìnrin. Orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n wádìí, ohun kan náà ni wọ́n gbọ́. Ìyàwó gbọ́ ọ, ojú tì í, ó ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì rí ire. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, ó fi rẹ́rìn-ín, ó sì kábàámọ̀ ohun tí ì bá ṣẹ́ kù. Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ilé wa nìyẹn, a kò sì tí ì sọ ọ́ tó, nítorí wọ́n ṣì ń jókòó sílé mú ìrora mọ́ra.